Sọ́fítíwia wo ni ká fi gbé fídíò inú DVD ilé wa sórí kọ̀ǹpútà àti tablet?

Ìbéèrè: Okun o, ẹ̀yin amòye. Ìsánlú ni mo wà. Àpótí kan kún fún DVD nílé wa: ìsìnkú bàbá wa àgbà, ìgbéyàwó àwọn ẹ̀gbọ́n mi, ọdún ìlú, ìkórè ìjọ. Láptọ́ọ̀pù mi kò ní ibi tí wọ́n ń ki DVD sí, tablet ìyá mi náà kò ní. Mo wá sọ́fítíwia tí yóò bá mi sọ wọ́n di fáìlì, mo rí ogúnlọ́gọ̀. Òmíràn á ní ọ̀fẹ́ ni òun, á yí ìṣẹ́jú márùn-ún padà, á wá ní kí n sanwó. Èwo ni kí n mú nínú wọn? Ṣé àwòrán rẹ̀ kò ní bàjẹ́?

Ìdáhùn: Okun o. HandBrake ni kí ẹ lò. Ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò ní dúró ní ìṣẹ́jú karùn-ún, kò ní lẹ orúkọ ara rẹ̀ mọ́ iwájú orí bàbá àgbà, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. Handbrake.fr ni kí ẹ ti gbà á, kì í ṣe ibòmíràn, nítorí ayédèrú rẹ̀ pọ̀ nílẹ̀. Kódà ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, àwọn ọ̀daràn wọ inú ọ̀kan lára àwọn sáfà tí wọ́n ti ń pín in, wọ́n sì fi èyí tó ní kòkòrò rọ́pò ti Mac fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Lórí Windows, ó lè sọ pé kí ẹ kọ́kọ́ gba .NET Desktop Runtime ti Microsoft. Òótọ́ ló ń sọ, láìsí ìyẹn kò ní ṣí.

Àmọ́ o, sọ́fítíwia nìkan kọ́ ló ń sọ iṣẹ́ yìí di rere tàbí búburú. Èyí tó ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́ ni pé wọ́n á ki àwo bọnú dírááfù, wọ́n á sì ní kí HandBrake máa yí i padà tààrà láti ibẹ̀. Dírááfù á máa ka àwo fún wákàtí kan gbáko, iná á lọ, ìfọ́ kékeré kan á mú un kọsẹ̀ ní àárín iṣẹ́, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ da gbogbo ohun tó wà lórí àwo náà sórí háàdì dísíìkì bó ṣe wà gan-an. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí HandBrake tó wọlé. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ yẹn ni ẹ ó fi pamọ́. Èyí tí HandBrake bá ṣe, ti wíwò lásán ni. Ó ṣe pàtàkì nítorí irú àwo tí àwọn afídíò ń kọ sí, DVD-R, oje aláwọ̀ kan ló wà nínú rẹ̀ tí iná laser ń kọ nǹkan sí lára, oje yẹn sì ń ṣá bí ọdún ti ń gorí ọdún, pàápàá bí àpótí bá wà lábẹ́ páànù tó ń gbóná. Èyí tó ṣì ń ṣí dáadáa lónìí lè má ṣí lọ́dún tó ń bọ̀.

Dírááfù ńkọ́? Ẹ nílò èyí tó ń lo USB. Ẹ lè yá a lọ́wọ́ oníkọ̀ǹpútà ní Kàbbà tàbí Lọ́kọ́ja, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ò pẹ́ bí ẹ bá jẹ́ kí ó ṣe ẹ̀dà nìkan. Ohun tí ẹ ó ṣọ́ ni iná tó ń wọ inú rẹ̀. Ojú USB kan ṣoṣo lára láptọ́ọ̀pù tó ti gbó lè má gbé e: àwo á yí díẹ̀, á dúró, á tún yí, kọ̀ǹpútà á sì sọ pé kò sí nǹkan nínú dírááfù. Ẹlòmíràn á ti rò pé àwo ló kú. Bí okùn rẹ̀ bá ní orí méjì, ẹ ki méjèèjì bọ ara láptọ́ọ̀pù, ẹ má sì fi hub (ohun tó ń sọ ojú USB kan di púpọ̀) tí kò ní iná tirẹ̀ sáàárín. Bí ó bá béèrè region, ìyẹn nọ́ńbà agbègbè ayé tí wọ́n ṣe àwo fún, ẹ má yí i. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún péré ni dírááfù ń gbà kí wọ́n yí i, àwo tí afídíò ìlú bá sì kọ kì í sábà ní region kankan.

Nígbà tí àwo bá ti wọlé, ẹ ṣí i nínú File Explorer kí ẹ wo fódà tó wà níbẹ̀, nítorí gbogbo ohun tí à ń pè ní DVD kọ́ ni DVD. Bí ẹ bá rí VIDEO_TS, DVD ni. Bí ẹ bá rí MPEGAV, tí fáìlì AVSEQ01.DAT sì wà nínú rẹ̀, VCD ni, irú èyí tó gbòde kí DVD tó dé. Ti VCD rọrùn: ẹ da fáìlì DAT náà sórí háàdì dísíìkì, ẹ yí ìparí orúkọ rẹ̀ sí .mpg, kí ẹ sì ṣí i nínú HandBrake bíi fáìlì lásán. Àwòrán rẹ̀ kéré, 352 lọ́nà 288, kò sì sí sọ́fítíwia tó lè fi ohun tí kámẹ́rà ò yà kún un. Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe rí.

Ti DVD gba àlàyé díẹ̀. Nínú VIDEO_TS, àwọn fáìlì VOB ni fídíò gan-an wà: VTS_01_1.VOB, VTS_01_2.VOB, títí lọ. Kò sí èyí tó ju 1 GB lọ nínú wọn, ìdí nìyẹn tí ìsìnkú wákàtí méjì fi máa ń wà ní ègé mẹ́rin tàbí márùn-ún. Fáìlì IFO ló ń sọ bí ègé wọ̀nyẹn ṣe tẹ̀ léra wọn àti ibi tí orí kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀. BUP ni ẹ̀dà IFO, bí ti àkọ́kọ́ bá ní ìfọ́. Àwọn kan á ní kí ẹ kàn mú VOB, kí ẹ yí orúkọ rẹ̀ sí .mpg, kí ẹ so wọ́n pọ̀. Ẹ má dá wọn lóhùn. Aago inú VOB lè padà sí òdo láàárín fídíò, bí ẹ bá sì pa IFO tì, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í sá síwájú ẹnu: àlùfáà á ti sọ̀rọ̀ tán kí ètè rẹ̀ tó mì.

Torí náà, odindi fódà VIDEO_TS ni kí ẹ dà. Ẹ dá fódà kan sílẹ̀ fún àwo kọ̀ọ̀kan, ẹ fún un ní orúkọ tó ní ọdún àti ayẹyẹ, bíi 2009-isinku-baba-agba-1, kí ẹ wá da VIDEO_TS sínú rẹ̀. Ẹ má fi àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà sí orúkọ fáìlì. Ẹ̀rọ míì máa ń sọ wọ́n di wúruwùru. Àwo tó kún, tí wọ́n kọ 4.7 GB sí lára, nǹkan bí 4.38 GB ni Windows á kà á sí. Bí àwo 30 bá wà nínú àpótí yín, ẹ wá àyè 132 GB sílẹ̀ fún ẹ̀dà nìkan.

Bí Windows bá ń dà á tó sì dúró lójijì, tó ní Cyclic redundancy check, ìdọ̀tí tàbí ìfọ́ ló pàdé. Ẹ yọ àwo náà, ẹ fi omi tó ní ọṣẹ díẹ̀ àti aṣọ tó rọ̀ nù ún láti àárín sí etí, tààrà. Ẹ má nù ún ní yíyípo: ìlà ìfọ́ tó bá yípo pẹ̀lú ojú ọ̀nà àwo ń pa dátà púpọ̀ rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, èyí tó bá gé e kọjá kò pa púpọ̀. Ọṣẹ ìfọyín tí àwọn ènìyàn ń sọ, ẹ fi fún eyín. Ẹ má fi kẹrosíìnì tàbí pẹtiróòlù kàn án rárá. Bí ẹnì kan bá ti lẹ bébà sí ẹ̀yìn àwo, ẹ má gbìyànjú láti bó o. Ó lè mú kí àwo máa gbọ̀n bó ṣe ń yí, àmọ́ bíbó rẹ̀ léwu ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ nínú dírááfù míì. Ojú dírááfù ò dọ́gba, ohun tí ọ̀kan kọ̀, èkejì lè kà á.

Tí gbogbo ìyẹn bá kùnà, irinṣẹ́ tó dára jù ni ddrescue, orí Linux ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ ilé tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà lè fi Ubuntu, irú Linux kan, sórí fálàṣì kí ó sì bá yín ṣe é láì fọwọ́ kan Windows yín. Àṣẹ méjì ni (/dev/sr0 ni orúkọ dírááfù DVD níbẹ̀):

ddrescue -b 2048 -n /dev/sr0 isinku1.iso isinku1.map

ddrescue -b 2048 -d -r 3 /dev/sr0 isinku1.iso isinku1.map

Èyí àkọ́kọ́ á sáré kó gbogbo ibi tó dára, á fi ibi tó le sílẹ̀. Èkejì á padà lọ bá ibi tó le, á sì tún un gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Fáìlì .map ni ìwé ìrántí rẹ̀: bí iná bá lọ ní àárín, ẹ tún àṣẹ kan náà kọ, á sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé dúró. Kò sí ohun tó bá iná tiwa mu tó bẹ́ẹ̀. ISO tó bá jáde, ìyẹn fáìlì kan tó kó odindi àwo sínú, HandBrake lè ṣí i bó ṣe wà. Ibi tí kò bá rí kà á kàn di àbàwọ́n tó kọjá lójú fídíò fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì, ìyókù á yè.

Irú àwo kan wà tí kì í ṣe pé ó bàjẹ́, tó sì dà bíi pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ DVD recorder ìdí tẹlifíṣọ̀n kọ ọ́, tí ẹni tó kọ ọ́ ò sì tẹ Finalize nígbẹ̀yìn, ẹ̀rọ yẹn nìkan ló lè kà á. Ẹ gbé e padà sínú ẹ̀rọ náà tàbí irú rẹ̀ gan-an, ẹ tẹ Finalize nínú menu, ẹ sì ní sùúrù títí tó fi parí. Bí ẹ̀rọ ò bá sí mọ́, IsoBuster lórí Windows á fi ohun tó wà nínú àwo hàn yín lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó yẹ kí ẹ sanwó rẹ̀ kó bá yín yọ ọ́ jáde.

Ó wá kan HandBrake. Ẹ tẹ Open Source, ẹ yan fódà VIDEO_TS tó wà lórí háàdì dísíìkì, kì í ṣe dírááfù. Á ka inú rẹ̀, á sì to àwọn Title sílẹ̀. DVD ilé kì í ṣe fíìmù. Afídíò lè fi ìsìn inú ṣọ́ọ̀ṣì sí Title kan, àsè sí èkejì, ijó sí ẹ̀kẹta. HandBrake á mú ọ̀kan fúnra rẹ̀, èyí tó bá gùn jù lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ó sì ṣèṣì fi àwọn yòókù sílẹ̀. Ẹ wo gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi gbogbo èyí tó bá nítumọ̀ sínú Queue, ìyẹn ìlà iṣẹ́ tó ń dúró. Bí àpapọ̀ wákàtí wọn bá kéré sí ohun tí ẹ mọ̀ pé fídíò náà jẹ́, nǹkan kan sá lọ.

Nínú Presets, ìyẹn àwọn ètò tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, ẹ yan General, kí ẹ mú Fast 576p25. Ìlànà PAL ni Nàìjíríà ń lò: ìlà 576, àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ̀gbọ́n kan bá fi àwo ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, ìlà 480 ni tiwọn, Fast 480p30 sì ni ẹ ó mú fún un. Ẹ má gbé 576 sókè di 1080 nítorí pé tẹlifíṣọ̀n yín tóbi. Fáìlì á wú, àwòrán ò ní mọ́ síi.

Ibi tí ìbéèrè yín nípa àwòrán tó ń bàjẹ́ wà gan-an nìyí, ìdí nìyẹn tí a ó fi dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Kámẹ́rà tó ya àwọn ayẹyẹ wọ̀nyẹn kì í ya àwòrán odindi lẹ́ẹ̀kan. Ó ń ya ìlà 1, 3, 5 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́yìn náà ó ń ya 2, 4, 6 ní ìdá kan nínú 50 ìṣẹ́jú àáyá. Tẹlifíṣọ̀n onígo ìgbà yẹn ń fi wọ́n hàn ní ìdajì-ìdajì, ojú ò sì mọ̀. Kọ̀ǹpútà àti tablet ń fi ìdajì méjèèjì hàn pọ̀, nítorí náà ohun tó bá ń yára, etí rẹ̀ á di eyín ìyarun. Ẹ wo ọwọ́ onílù nígbà tí ìlù bá gbóná, ẹ wo aṣọ egúngún bó ṣe ń fẹ́ yípo: ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí i kedere. Bíṣọ́ọ̀bù tó dúró jẹ́jẹ́ níwájú pẹpẹ ò ní fi hàn, ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn fi ń yí gbogbo àwo padà tán kó tó mọ̀.

HandBrake ní ìwòsàn rẹ̀ nínú Filters. Bó ṣe wà láti ilé, Decomb ló wà nínú Deinterlace, tí Interlace Detection sì ń wá ibi tí eyín wà. Ìyẹn tó fún ìwàásù, ọ̀rọ̀ ìdágbére àti àsè. Ṣùgbọ́n fún ijó àti egúngún, ẹ pa Interlace Detection, ẹ yí Deinterlace sí Bwdif, kí ẹ yan Bob nínú Preset rẹ̀. Bob á sọ ìdajì kọ̀ọ̀kan di àwòrán kan, 25 á wá di 50, ijó á sì máa ṣàn bó ṣe ṣàn lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà náà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ń jábọ́ sí nìyí: preset tí ẹ mú ti dé Framerate mọ́ 25. Bí ẹ bá yan Bob tí ẹ ò sì lọ sí Video láti yí Framerate sí 50, kí ẹ tẹ Constant, HandBrake á ṣe àwòrán 50, á da 25 nù, ẹ ó sì ní wàhálà lásán.

Kí ẹ tó fi ọ̀nà kankan ṣe odindi, ẹ tẹ Preview. Ẹ wá ibi tí ijó ti le jù, ẹ jẹ́ kó ṣe ìṣẹ́jú àáyá 30 fún yín, kí ẹ wò ó lórí tablet ìyá fúnra rẹ̀. Ojú láptọ́ọ̀pù máa ń tan ni.

Nínú Video, ẹ fi H.264 (x264), ọ̀nà tí wọ́n fi ń fún fídíò pọ̀, sílẹ̀. H.265 ń mú fáìlì kéré, àmọ́ ó ń pẹ́ púpọ̀ lórí láptọ́ọ̀pù, tablet tó ti pẹ́ sì máa ń dákú lórí rẹ̀. Constant Quality, ẹ fi RF sí 20. Nọ́ńbà yìí ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà: bó bá kéré, àwòrán dára, fáìlì sì tóbi, bó bá pọ̀, òdìkejì rẹ̀ ni. Láàárín 18 sí 22 ni àwọn tó ṣe HandBrake dámọ̀ràn fún àwòrán ìwọ̀n DVD. Ẹ retí nǹkan bí 700 MB sí 1.2 GB fún wákàtí kan, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ fún fídíò tí wọ́n ti ṣe láti inú kásẹ́ẹ̀tì VHS, nítorí àmì kéékèèké bíi yanrìn tó kún ojú rẹ̀ ń jẹ àyè. Irú fídíò kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ tún máa ń ní ìlà wíwọ́ kan ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ lọ sí Dimensions, ẹ gé 8 tàbí 12 kúrò ní Bottom, ó parí.

Dimensions yìí kan náà ni ibi tí Anamorphic wà, èyí tó ń sọ bí ẹ̀rọ ṣe máa fẹ àwòrán nígbà wíwò. Ẹ fi í sí Automatic. Bí tablet bá wá fi àwọn ènìyàn hàn ní tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí fífẹ̀ ju bó ṣe yẹ, ẹ̀rọ tó ń wò ó ni kò ka ìwọ̀n tí a kọ sínú fáìlì. Ẹ yí Anamorphic sí None, kí ẹ tún un ṣe. HandBrake á wá ṣe ìṣirò náà fúnra rẹ̀.

Ohùn: AAC, 160, Stereo. Ẹ má mú preset tó ní Surround ní orúkọ fún DVD ilé, nítorí ó ń fi AC3, irú ohùn sinimá kan, kún un. Àìmọye tablet ni kò ní àṣẹ láti ka AC3, ẹ lè wá rí fídíò tó mọ́ kedere tí kò fọhùn. Bí ẹ bá ti bá irú rẹ̀ pàdé, ẹ má tíì sọ pé fáìlì bàjẹ́, ó lè jẹ́ ohùn AC3 yẹn ló ń dá a dúró.

Ẹ fún fáìlì ní orúkọ nínú Save As, ẹ fi wọ́n sínú Queue, ẹ tẹ Start. Láptọ́ọ̀pù tó ní core mẹ́rin á parí wákàtí kan láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí 30. Ti àtijọ́ lè lo tó wákàtí náà gan-an. Láptọ́ọ̀pù á gbóná, ẹ gbé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìbéèrè tó wá ṣe pàtàkì nílẹ̀ Okun ni iná. Tó bá lọ tí bátìrì sì kú ní àárín iṣẹ́, MP4, irú fáìlì tí HandBrake ń ṣe, tí kò bá parí ò ní ṣí rárá, ẹ̀báà jẹ́ pé ó kù ìṣẹ́jú kan, torí ìgbẹ̀yìn ni HandBrake ń kọ àtòkọ tí ẹ̀rọ ń lò láti ka fáìlì náà. MKV, irú fáìlì fídíò míì, ṣàánú díẹ̀, èyí tó ti kọ á ṣeé wò. HandBrake á béèrè nígbà tí ẹ bá tún ṣí i bóyá kó gba Queue padà, ẹ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ Title tó wà lọ́wọ́ nígbà náà á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ to àwọn èyí tó kúrú sílẹ̀ fún ìgbà tí ẹ bá wà lórí bátìrì, kí ẹ fi àwọn tó gùn sílẹ̀ de iná NEPA tàbí jẹnẹrétọ̀. Bí láptọ́ọ̀pù bá jẹ́ ti Intel tí kò pẹ́ jù, H.264 (Intel QSV) á yára ju x264 lọ dáadáa. Fáìlì á tóbi díẹ̀, kò burú nígbà tí bátìrì ń sáré.

Àwọn yòókù ńkọ́? MakeMKV dára, ti DVD rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Kì í yí àwòrán padà rárá, ó kàn ń kó o jáde sínú fáìlì MKV kan, bí ó ṣe rí nínú àwo. Bí ẹ bá ní àyè, ó wúlò fún ẹni tí kò fẹ́ pàdánù ohunkóhun, àmọ́ eyín ìlà yẹn ń bá a jáde ni, tablet á sì nílò VLC kó tó lè wò ó. VLC fúnra rẹ̀ ní Convert, ṣùgbọ́n ẹ lò ó láti wo fídíò, ẹ má fi yí DVD padà. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti menu, tàbí kó gé ìparí kúrò, kò sì ní sọ fún yín. Àwọn tó ń tà á, tó ń yí ìṣẹ́jú márùn-ún padà lọ́fẹ̀ẹ́, kò sí ohun tí wọ́n ń ṣe sí DVD ilé tí HandBrake ò lè ṣe. Èyí tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ ìsanwó rẹ̀, tí wọ́n ń tà lórí fálàṣì lọ́jà, ẹ sá fún un. Kòkòrò ló sábà máa ń wà nínú irú fáìlì tó ń bá a rìn.

Ohun kan ṣoṣo tí HandBrake ò ní bá yín ṣe ni fíìmù tí ẹ rà tí wọ́n ti tì ní kọ́kọ́rọ́. Ó lè kọ̀ láti ṣí i, tàbí kí àwòrán rẹ̀ di wúruwùru. Òfin Copyright ti Nàìjíríà, ti ọdún 2022, ka fífọ́ irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, nítorí náà a ò ní ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fọ́ ọ níbí. Ìsìnkú bàbá yín kò ní kọ́kọ́rọ́.

Tó bá kan gbígbé e sórí tablet, ẹ lo mẹ́mórì káàdì tàbí okùn USB. Bí káàdì bá jẹ́ FAT32, ìyẹn ètò àtijọ́ kan tí wọ́n fi ń to fáìlì sórí káàdì, fáìlì kan ò gbọdọ̀ tó 4 GB lórí rẹ̀. MP4 yín ò ní tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ISO àwo tó kún á tó, káàdì á sì kọ̀ ọ́ nígbà tí àyè wà. Ẹ fi VLC sórí tablet ìyá, ẹ da fódà ayẹyẹ kọ̀ọ̀kan sínú Movies, kí ó lè máa rí i ní ẹyọ-ẹyọ. Bí àwọn ọmọ tó wà ní Àbújá bá fẹ́ tiwọn, ẹ má fi í ránṣẹ́ láti Gallery lórí WhatsApp, á fún àwòrán mọ́lẹ̀ di wúruwùru. Ẹ yan Document. WhatsApp ń gba fáìlì tó tó 2 GB báyìí, MP4 wákàtí kan á sì wọlé, bí dátà bá wà.